Bí ẹ ṣe lè wọkọ̀ èrò dé ọsibítù l'Ákùúrẹ́ àti l'Óǹdó, àti ìdí tó fi máa ń le

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ ọsibítù kì í ṣe nípa dókítà, ọ̀nà ni wọ́n máa ń bèèrè. "Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gbé o, ọkọ̀ wo ni mo máa wọ̀ tí màá fi dé Mother and Child, ọsibítù aláboyún àtọmọdé tó wà l'Ókè-Àró?" Ẹlòmíì á ní wọ́n kọ̀wé fún bàbá òun pé kó lọ sí Láje l'Óǹdó, òun ò sì mọ̀ bóyá ọsibítù kan ṣoṣo ló wà ní Láje yẹn. Ẹlòmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú ló ń bí i, ó fẹ́ mọ ìdí tí takisí fi já òun àti ọmọ tára ẹ̀ gbóná sójú títì nígbà tí géètì ọsibítù ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní kí n kúkú jókòó ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí àìsàn nìkan kọ́ ló ń pa èèyàn láyìíká wa, ojú ọ̀nà náà ń pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí takisí tó já ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ èrò l'Ákùúrẹ́, yálà takisí ni o, kórópé ni o, ojú ọ̀nà tó mọ̀ ló ń rìn. Èyí tó bá ń ti apá FUTA, ìyẹn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, bọ̀ á gba Road Block, á gba Ọyẹ́mẹ́kùn, á bọ́ sí Ọba Adésidà, á kọjá Ọjà Ọba, ó lè dé Alágbàká kó tó yí padà. Ojú títì ńlá yẹn lowó ẹ̀ wà, torí bí ẹnì kan ṣe ń sọ̀ lẹ́lòmíì ń wọlé. Tó bá wá yà sínú àdúgbò nítorí èrò kan ṣoṣo, àwọn tó kù nínú mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn tó ń nawọ́ sí i níta á ti wọ mọ́tò ẹlòmíì, epo ẹ̀ á sì jó lásán. Owó tó máa jẹ́ fún ẹni tó ni mọ́tò lálẹ́ ló ń rò, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ "Mọ́mì, mi ò dé bẹ̀ o, ẹ sọ̀ síbí kẹ́ ẹ wọ ọ̀kadà."

Nígbà táwọn ìjọba sì ń kọ́ ọsibítù, ibi tí wọ́n ti rí ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi onítakisí pé ibo ló ń gbà. Òkè-Àró tí Mother and Child wà, inú ni, kì í ṣe ojú Adésidà. Nítorí náà ẹni tó bá ti Ọ̀bà-Ilé tàbí Ìjù bọ̀, ọkọ̀ kan máa gbé e wọ àárín ìlú, á sọ̀, á wá máruwá tàbí ọ̀kadà tó máa gbé e wọlé. Ẹni tó bá ti inú àdúgbò tí mọ́tò ò dé wá, ọ̀kadà ló máa kọ́kọ́ gùn jáde sí títì kó tó rí takisí, ìyẹn ti di ọkọ̀ mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀. Tí wọ́n bá wá ní ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé ò jìnnà sí ọsibítù, pé kìlómítà mélòó kan péré ni, ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ mélòó. Èmi ò kí ń fi kìlómítà ka ọ̀nà ọsibítù mọ́, iye ìgbà téèyàn máa sọ̀ tó tún máa wọ̀ ni mo fi ń kà á, torí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ tí wọ́n tún ń wọ̀ yẹn gan-an ni aláìsàn ti máa ń wó, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti máa ń wú, ibẹ̀ sì ni àkókò ń lọ sí.

Àwọn tó ń fi máàpù ṣírò bí ọ̀nà ọsibítù ṣe jìn máa ń ṣe bí ẹni pé gbogbo wa ló ní mọ́tò sínú ọgbà. Àwọn olùwádìí tó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún wò l'Ékòó ti fi hàn pé àkókò tí obìnrin ń lò lójú ọ̀nà gan-an máa ń ju èyí tí ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ń sọ lọ. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé takisí ò ní kúrò lójú kan tí kò bá tíì kún.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Ọsibítù ìjọba àgbà tó wà l'Ákùúrẹ́, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Jẹ́nẹ́rà, ó jẹ́ State Specialist fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di ti UNIMED, ìyẹn yunifásítì ìṣègùn tó wà l'Óǹdó, kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn dókítà. Orúkọ tó wà lórí ìwé yín lè má jẹ́ èyí tí ọlọ́kadà mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó kọ̀wé fún yín pé kí làwọn dírẹ́bà ń pe ibẹ̀, kí lẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ti Láje l'Óǹdó tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n kó jọ síbẹ̀ nígbà tí Mímíkò jẹ́ gómìnà. Ibẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fara pa nínú ijàǹbá mọ́tò wà, Mother and Child ti Oǹdó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú kídìnrín wà níbẹ̀, ibi àyẹ̀wò tí wọ́n fi orúkọ Gani Fáwẹ̀hìnmí pè náà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́kadà ní gáréèjì pé "Láje," ó máa gbé yín dé Láje lóòótọ́, ó lè wá já yín síwájú géètì tí kì í ṣe tiyín. Ẹni tí ara ẹ̀ le á rìn ín, ẹni tí egungun itan ẹ̀ ti kán ńkọ́? Ẹ dárúkọ ẹ̀ká tẹ́ ẹ̀ ń lọ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bá a ṣe ń wọ ọkọ̀ náà. Ká wọ̀ ọ́ pẹ̀lú èrò ló wọ́n kéré jù, ó sì dáa fún ẹni tó kàn fẹ́ lọ gba oògùn tàbí tó fẹ́ lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò. Ká dá a gbé, ìyẹn dróòpù, ló yẹ fún ẹni tí kò lè jókòó dáadáa, ẹni tó ń bì, aláboyún tó ti ń rọbí, àgbàlagbà tí apá kan ara ẹ̀ ti rọ. Ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gbé aláìsàn wọlé, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un pé inú ọgbà lẹ máa sọ̀ o, kì í ṣe géètì, torí tẹ́ ò bá sọ ọ́, iwájú géètì lariwo ti máa ṣẹlẹ̀, aláìsàn yín ò sì ní lè dúró de ariwo yẹn. Ọ̀kadà ní tiẹ̀ yára, òun nìkan ló sì wọ àwọn àdúgbò kan, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀kadà gbé ẹni tó já látorí igi tàbí tí mọ́tò gbá. Tí eegun ẹ̀yìn tàbí ti ọrùn bá ti sán, jíjókòó àti gbígbọ̀n lórí ọ̀kadà lè gé okùn ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó yẹ kó fẹsẹ̀ rìn wálé lóṣù mẹ́ta sí i á wá di ẹni tí wọ́n ń gbé. Ẹ wá pákó, ẹ wá ilẹ̀kùn, ẹ tẹ́ ẹ sí i gbọọrọ, kí mọ́tò tó láàyè lẹ́yìn wá gbé e.

Àwọn kan á ní áńbúláǹsì ńkọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé òkú ni áńbúláǹsì ń gbé, torí òkú la sì máa ń rí tó ń gbé lóòótọ́, pẹ̀lú ariwo fèrè àti mọ́tò mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́. Ìyẹn áńbúláǹsì ìsìnkú ni. Èyí tó ń gbé alààyè yàtọ̀, ọ́síjìn, ibùsùn àti ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì ló yẹ kó wà nínú tiẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ní àjọ kan fún un tí wọ́n ń pè ní ODEMSA. Nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà ni 112, kò ń gba owó lórí fóònù. Tó bá jẹ́ ijàǹbá mọ́tò lẹ rí lójú ọ̀nà márosẹ̀, bíi ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tàbí ọ̀nà Iléṣà, 122 ni nọ́ńbà àwọn Road Safety. Ẹ tọ́jú méjèèjì sínú fóònù yín báyìí, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ náà.

Tẹ́ ẹ bá pè, ohun tó máa pẹ́ wọn jù ni kí wọ́n rí ilé yín. Ilé wa ò ní nọ́ńbà, àdúgbò tuntun ò ní orúkọ lórí máàpù, àpèjúwe "ẹ bá a bọ̀ ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì kan" ò wúlò lóru. Ẹ dárúkọ ibi tí gbogbo èèyàn mọ̀, ẹ wá rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó lọ dúró sójú títì títí tí wọ́n á fi dé. Kẹ́ ẹ sì ní ọ̀nà mìíràn nílẹ̀ o, torí áńbúláǹsì tó wà nílẹ̀ ò tó iye wa. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ní tètè dé, ẹ gbé dírẹ́bà àdúgbò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ bí orúkọ ara wọn. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, abala 20 ẹ̀, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan ò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà ní pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ìdí tí mo fi mú un wọ inú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi aláìsàn tó ti ń kú lọ kọjá ọsibítù tó sún mọ́ wọn, wọ́n á ní àwọn ò tíì rówó, àbí àwọn ò ní káàdì níbẹ̀, wọ́n á máa gbé e lọ síbi tó jìn. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ibi tó sún mọ́ jù tí dókítà wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀ sí. Àwọn lá dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwọn lá fi omi sí i lára, kí wọ́n tó kọ̀wé gbé yín lọ síbòmíì.

Àkókò tí mò ń sọ yìí, ó ní ìwọ̀n. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín nǹkan bíi wákàtí 2. Lọ́dún 2015, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ náà sọ pé, tó bá fi máa di 2030, ó yẹ kí ó kéré tán èèyàn 80 nínú 100 lè dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ pàjáwìrì láàárín wákàtí 2. Ẹ wá fi ti Ìdànrè ṣírò ẹ̀. Ọ̀nà Ìdànrè sí Àkúrẹ́ ò jìn tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ làwọn kan ń rìn ín. Àmọ́ tó bá jẹ́ aago kan òru ni ẹ̀jẹ̀ ya, ìdílé á kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀ pé ṣé ká gbé e lọ àbí ká dúró di ojúmọ́, wọ́n á wá ẹni tó ní mọ́tò, wọ́n á kanlẹ̀kùn ẹ̀, kò ní dìde kíákíá torí ẹ̀rù olè ń bà á, wọ́n á wá epo, kí wọ́n tó gbéra wákàtí kan ti lọ. Wọ́n á dé ọsibítù, wọ́n á tún wá dókítà àti ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí ètò Abiyẹ, ìyẹn ètò ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fáwọn aláboyún, rí nìyẹn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ̀ lọ́dún 2009. Wọ́n pín ìfàsẹ́yìn tó ń pa aláboyún sí mẹ́rin: pípẹ́ kí ìdílé tó pinnu láti lọ, pípẹ́ lójú ọ̀nà, pípẹ́ nínú ọsibítù kí wọ́n tó dá a lóhùn, àti pípẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù tó tóbi jù. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bójú tó wọn nílé. Èmi ṣì gbà pé ètò yẹn mọ nǹkan tó ń ṣe wá ju ọ̀pọ̀ ètò tó ń kọ́ bílọ́kì lórí bílọ́kì lọ, torí ó ka ọ̀nà mọ́ ìtọ́jú. Ìdílé tó bá ní aláboyún lè ṣe tiẹ̀ lónìí láìdúró de ìjọba kankan: ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà méjì tó ń gbé ládùúgbò yín, tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò sùn sílé, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù keje, ẹ dá iye tẹ́ ẹ máa san lóru, ẹ fi owó yẹn síbì kan tẹ́nikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn. Kí ọkọ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bóun ò bá sí nílé, kí wọ́n má dúró de òun kí wọ́n tó gbé e.

Ti aláìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ náà wà, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ púpọ̀ torí kò ní ariwo. Ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ti kọṣẹ́, ìlànà ẹ̀ ni kó máa lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó máa ń tó wákàtí 4 lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé Àkúrẹ́ ló ń gbé tó sì ń lọ sí Láje, nǹkan bíi 50 kìlómítà ni, á wọ ọkọ̀ dé gáréèjì, á dúró kí mọ́tò kún, á rin ìrìn náà, á wá ọ̀kadà l'Óǹdó, nígbà tó bá fi máa ṣe tán ara ẹ̀ á ti rọ bí aṣọ tí wọ́n fún, á tún fi ara yẹn wọkọ̀ padà. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń tẹ̀ lé e, nítorí náà owó ọkọ̀ èèyàn méjì ni, lọ bọ̀, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà tó fò kọjá 500, àwọn tó ń fo ọjọ́ ìtọ́jú pọ̀, wọ́n á sì ní àìsàn náà ló gbóná jù. Tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé tàbí ẹgbẹ́ yín bá wà nírú ipò yìí tẹ́ ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ má fi gbogbo owó yín sórí oògùn, ẹ bi í pé báwo ló ṣe ń débẹ̀.

Ẹni tó ń lọ sí kílíníìkì náà, kó rántí pé wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń rí oríṣi aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ìdájí ni wọ́n sì ti ń gba fáìlì. Tẹ́ ẹ bá ń ti òkèèrè bọ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún ní gáréèjì ló máa sọ bóyá wọ́n máa rí yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ibi báyìí lẹ ti ń wá, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọjọ́ dókítà ojú àti ti dókítà ìtọ̀ ṣúgà sọ́jọ́ kan náà tó bá ṣeé ṣe, àwọn nọ́ọ̀sì tó láàánú máa ń gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú nǹkan tá a ń wọkọ̀ mẹ́ta lọ ṣe ní ọsibítù ńlá, hẹ́lù sẹ́ńtà tó wà ní wọ́ọ̀dù yín lè ṣe é: abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àyẹ̀wò ibà. Àjọ ìlera àgbáyé sọ lọ́dún 2016 pé ó yẹ kí aláboyún fojú kan òṣìṣẹ́ ìlera ní ó kéré tán ìgbà 8 kó tó bímọ. Tí ẹ bá fẹ́ lọ gbogbo ẹ̀ sí Òkè-Àró láti Ìta-Ògbólú ó máa sú yín níbi ìkẹta. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ níbi tó sún mọ́ yín, tí wọ́n bá rí nǹkan tó ju agbára wọn lọ wọ́n á kọ̀wé fún yín.

Àwọn tó láṣẹ náà ní tiwọn. Kò gba bílíọ̀nù kankan kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ onímọ́tò jókòó kí wọ́n ya máruwá díẹ̀ sọ́tọ̀ tó máa máa lọ tààrà láti Ọjà Ọba sí géètì Òkè-Àró lówó tí gbogbo èèyàn mọ̀, kí takisí kan tàbí méjì sì máa sun géètì ọsibítù lóru ní tọ́ọ̀nù. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọsibítù tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ takisí lọ wo ilẹ̀ náà.

Ìrìn àbọ̀ ló kù, a sì máa ń gbàgbé ẹ̀. Tí wọ́n bá ní ẹ máa lọlé lọ́la, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé èló ló kù, kẹ́ ẹ san án láàárọ̀ kùtù, torí tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa tó já yín sílẹ̀, ìgbà yẹn ọkọ̀ ti wọ́n. Obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà relé, ẹni tí wọ́n fi símẹ́ńtì di ẹsẹ̀ fún ò lè wọ kórópé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì kan kì í jẹ́ kí takisí wọlé, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú kí dírẹ́bà yín tó dé, ẹ fi ìwé tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ máa lọ hàn wọ́n, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó wakọ̀ dé ẹnu wọ́ọ̀dù. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ padà sí wọ́ọ̀dù lọ béèrè kẹ̀kẹ́ aláìsàn kẹ́ ẹ fi tì í dé géètì.